Ohun Tí Ìkókó Ń Fi Ara Sọ: Bí A Ṣe Ń Wo Ọmọ Tuntun Láti Ọjọ́ Ìbí Dé Ogójì Ọjọ́

Ẹ kú ewu ọmọ o. Bí ẹ bá ti gbé ìkókó wọlé ní Abẹ́òkúta yìí, ìmọ̀ràn kò ní wọ́n yín. Ìyá ọkọ á ní òtútù ń mú un, ará ilé á ní inú ló ń run ún, ẹni tó wá kí yín láti Láfẹ́ńwá á ní kí ẹ tètè lọ ra àgbo ní Ìtòkú kí ilẹ̀ tó ṣú. Gbogbo wọn ló fẹ́ràn ọmọ náà. Ṣùgbọ́n ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn gan-an wà lórí ibùsùn, ó ń sín, ó ń na ara, ó ń yí orí kiri, kò sì sẹ́ni tó fara balẹ̀ wò ó.

Agbẹ̀bí ni mí, wíwo ọmọ sì ni iṣẹ́ mi. Ohun tí mo fẹ́ kí gbogbo ìyá mọ̀ kí wọ́n tó kúrò lọ́dọ̀ wa ni pé púpọ̀ nínú ohun tí ìkókó ń ṣe tó ń já wa láyà kì í ṣe àrùn rárá. Èyí tó yẹ kó já wa láyà jù lọ, ìyìn la máa ń fún ọmọ nítorí rẹ̀. Ọmọ tó ń ké, tó ń jà fún ọyàn, ara rẹ̀ le. Èyí tó dákẹ́, tó ń sùn ṣáá, tí kò bèèrè ọyàn, òun ni kí ẹ kọ́kọ́ sáré sí.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ wò ó kí ẹ tó gbé e

Ìkókó máa ń sùn tó wákàtí 14 sí 17 nínú wákàtí 24, àmọ́ kì í sùn ún pọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Á sùn fún wákàtí méjì tàbí mẹ́ta, á jí, á mu ọyàn, á tún sùn. Kò tíì mọ ọ̀sán yàtọ̀ sí òru, nítorí náà, bó bá lajú kalẹ̀ ní aago méjì òru, kò sí ẹnikẹ́ni tó ń dà á láàmú. Lọ́sàn-án, ẹ jẹ́ kí yàrá mọ́lẹ̀, kí ariwo ilé máa lọ bó ṣe ń lọ. Lóru, ẹ dín iná kù, ẹ fún un lọ́yàn láì bá a ṣeré. Díẹ̀díẹ̀ ló máa mọ̀ ọ́n.

Oríṣi oorun méjì ló ń sùn. Nínú ọ̀kan, ara rẹ̀ á rọ̀, mímí rẹ̀ á lọ déédéé, bí ìlẹ̀kùn bá tiẹ̀ pa gbà, kò ní mira. Èkejì ló ń dẹ́rù ba àwọn òbí. Ẹ óò rí i tí ẹyinjú rẹ̀ ń sáré lábẹ́ ìpéǹpéjú, tí ètè rẹ̀ ń fa ọyàn tí kò sí lẹ́nu rẹ̀. Á rẹ́rìn-ín díẹ̀, á fajú ro lójú ẹsẹ̀, á kùn, á gìn, apá kan á ṣàdédé gbéra, ó tiẹ̀ lè ké lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kó tún dákẹ́. Àwọn àgbà a máa sọ pé ẹlẹ́dàá rẹ̀ ló ń bá a ṣeré. Oorun ló ṣì ń sùn. Bí ẹ bá gbé e nígbà tó kọ́kọ́ kùn, ẹ ti jí ọmọ tí kò fẹ́ jí nìyẹn, ẹ ó sì fi gbogbo òru rẹ̀ ẹ́. Ẹ dúró ná, ẹ ka oókan dé ọgbọ̀n lọ́kàn yín. Bó bá jẹ́ pé ó ń jí lóòótọ́, á fi hàn yín.

Nígbà tó bá sùn bẹ́ẹ̀, ẹ kọ́ bí a ṣe ń ka mímí rẹ̀, nítorí ọjọ́ tí ẹ máa nílò rẹ̀, ọkàn yín kò ní balẹ̀ láti kọ́ ọ. Ẹ ká aṣọ kúrò níkùn rẹ̀, ẹ wo aago fóònù, ẹ ka bí ikùn ṣe ń gbéra fún ìṣẹ́jú kan gbáko. Kì í ṣe ìlàjì ìṣẹ́jú kí ẹ sì sọ ọ́ di ìlọ́po méjì o, nítorí mímí ìkókó kì í dọ́gba: á yára mí díẹ̀, á dúró fún bíi ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún sí mẹ́wàá, á sì tún bẹ̀rẹ̀. Ìdádúró kékeré yẹn kì í ṣe àìsàn. Ìgbà 30 sí 60 ni ọmọ tuntun ń mí nínú ìṣẹ́jú kan. Bó bá ju 60 lọ, ẹ dúró díẹ̀, ẹ tún un kà. Bó bá ṣì jù ú lọ, ọsibítù yá. Bákan náà bí ìdádúró bá tó ìṣẹ́jú àáyá 20, tàbí tí ihò imú ń fẹ̀ tí egungun ìhà ń rì wọlé bó ṣe ń mí, tàbí tó ń kérora ní gbogbo ìgbà tó bá mí síta.

Àwọ̀ náà ńkọ́? Lára àwa aláwọ̀ dúdú, inú ẹnu la ti ń wò ó. Àtẹ́lẹwọ́ àti àtẹ́lẹsẹ̀ lè tutù, kó sì ní àwọ̀ búlúù díẹ̀ ní ọjọ́ kìíní tàbí ìkejì, kò burú. Ahọ́n àti inú ètè gbọ́dọ̀ pupa dáadáa. Bí ahọ́n bá di búlúù tàbí eérú, ẹ má jókòó.

Kí n tó kúrò lórí oorun: ẹ̀yìn ọmọ ni kí ẹ fi lélẹ̀, kì í ṣe inú, kì í ṣe ẹ̀gbẹ́. Kí ibi tó sùn sí le díẹ̀, kó má sí ìrọ̀rí tàbí aṣọ tó pọ̀ lẹ́bàá ojú rẹ̀, kí nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn sì bò ó.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ dá ebi mọ̀ kó tó di igbe

Igbe ni ìkókó fi ń parí ọ̀rọ̀ ebi, kì í fi í bẹ̀rẹ̀. Lákọ̀ọ́kọ́, á máa mira, á la ẹnu, á yọ ahọ́n, á yí orí sọ́tùn-ún sósì. Bí nǹkan bá kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, ìbáà jẹ́ ìka yín tàbí etí aṣọ, á yíjú síbẹ̀, ẹnu rẹ̀ á máa wá ọyàn kiri. Tí a kò bá dá a lóhùn, á ki ìkúùkù bọ ẹnu, á máa na ẹsẹ̀, á máa kùn. Lẹ́yìn ìyẹn ni igbe tó dé. Nígbà tó bá di igbe, ojú rẹ̀ á ti pọ́n, ara á ti le, ahọ́n á ká sókè, kò sì ní lè gbá ọyàn mú dáadáa. Ẹ má fi tipátipá ki ọyàn bọ̀ ọ́ lẹ́nu nígbà yẹn. Ẹ tú aṣọ rẹ̀, ẹ fi í lé àyà yín, kí ara kan ara, kó rọlẹ̀ ná.

Ẹ̀ẹ̀mẹ́jọ sí ẹ̀ẹ̀méjìlá ni ọmọ tuntun ń mu ọyàn nínú wákàtí 24. Ikùn rẹ̀ kéré, wàrà ìyá sì tètè ń dà. Ní ọjọ́ méjì mẹ́ta àkọ́kọ́, èyí tó ń jáde kì í pọ̀, ó ki, ó sì pọ́n rúsúrúsú. Òun ni oúnjẹ rẹ̀, òun náà ni àjẹsára rẹ̀ àkọ́kọ́. Ẹ má fún un dànù pé ó dọ̀tí, ẹ má sì fi omi tàbí gúlúkóòsì dí àyè rẹ̀. Ọyàn nìkan ló nílò fún oṣù mẹ́fà gbáko, kódà nínú ooru oṣù kẹta Abẹ́òkúta.

Ọmọ tó ti yó náà ń sọ ọ́. Ìkúùkù tó dì nígbà tó bẹ̀rẹ̀ á ṣí ní ìka kọ̀ọ̀kan, apá á wálẹ̀, á jọ̀wọ́ orí ọmú fúnra rẹ̀, á yíjú kúrò. Ó parí nìyẹn. Ẹ má rọ ọmọ. Dídi ọmọ nímú kí ẹ máa da àgbo tàbí ògì sí i lẹ́nu ti jẹ́ kí oúnjẹ bọ́ sí ẹ̀dọ̀fóró ọ̀pọ̀ ọmọ, àwọn tí kò sì yè é wà nínú wọn.

Wàyí o, ìrọ̀lẹ́ ni ìjà máa ń dé. Láti bí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ títí di bí aago mẹ́wàá alẹ́, ọ̀pọ̀ ìkókó ló máa ń mu ọyàn lé ọyàn. Á mu, á tú u sílẹ̀, á ké, á tún fẹ́ mu. Àwọn tó yí ìyá ká á ní, “Ọyàn rẹ̀ kò tó, ẹ ra wàrà agolo.” Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Bó ṣe ń mu léraléra yẹn ló fi ń sọ fún ara ìyá pé kó pèsè sí i. Ó tún máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kejì sí ìkẹta àti ọ̀sẹ̀ kẹfà, nígbà tó bá ń sáré dàgbà. Bí ẹ bá fi fídà rọ́pò ọyàn, ara ìyá kò ní gbọ́ iṣẹ́ tí ọmọ rán sí i, wàrà á sì dín kù lóòótọ́.

Báwo la ṣe wá ń mọ̀ pé ó ń yó? Pámpáàsì tàbí nápíkìnnì rẹ̀ ni kí ẹ bi, ẹ má bi igbe rẹ̀. Ní ọjọ́ kìíní á tọ̀ ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan, ọjọ́ kejì lẹ́ẹ̀mejì, á máa lé sí i bẹ́ẹ̀. Láti ọjọ́ karùn-ún lọ, ìgbà mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lójúmọ́. Ní ọjọ́ méjì àkọ́kọ́ ìtọ̀ rẹ̀ lè fi àbàwọ́n pupa fẹ́ẹ́rẹ́ sílẹ̀. Bí ìyẹn bá kọjá ọjọ́ kẹrin, kò mu ọyàn tó. Ìgbẹ́ àkọ́kọ́ dúdú, ó sì ń lẹ̀ bí ọ̀dà; ó yẹ kó yà á láàárín wákàtí 24, bí kò bá sì tíì yà á ní wákàtí 48, ẹ gbé e lọ. Lẹ́yìn náà á di àwọ̀ ewé, nígbà tó bá fi máa di ọjọ́ karùn-ún, á ti di yẹ́lò, ó rọ̀, ó ní horo kéékèèké nínú. Àwọn kan á ya á lẹ́yìn gbogbo ọyàn, kì í ṣe ìgbẹ́ gbuuru. Ìgbẹ́ tó funfun bí ẹfun nìkan ni ẹ kò gbọ́dọ̀ fojú fò dá, nítorí ọ̀rọ̀ ẹ̀dọ̀ ni.

Yóò tún fọn díẹ̀. Ọmọ tí a bí ní kílò mẹ́ta lè sọ tó 300 gíráàmù nù ní ọjọ́ mélòó kan àkọ́kọ́, kó sì gbà á padà kó tó pé ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìyẹn bú ìyá ọmọ.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ ya ọmọ tó ta gìrì sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tí gìrì ń mú

Bóyá kò sí ohun tó ń gbé àwọn èèyàn wá bá mi lálẹ́ tó èyí. Ẹnì kan tan jẹnẹrétọ̀, tàbí kí ẹ yára gbé ọmọ sílẹ̀, lójijì apá méjèèjì á là gbàgà, ìka á yà, ẹ̀yìn á ta, apá á sì tún padà wá sí àyà bí ẹni fẹ́ dì mọ́ nǹkan, igbe á tẹ̀ lé e. Ọmọ tó pé ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Àwa gan-an máa ń wá a nígbà tí a bá ń yẹ ìkókó wò, bí a kò bá rí i la máa ń dààmú. Á máa dín kù láti oṣù kẹta, á sì tán kó tó pé oṣù mẹ́fà. Ohun kan ṣoṣo ni kí ẹ kíyè sí: apá méjèèjì ló yẹ kó gbéra. Bí ọ̀kan bá gbéra tí èkejì kàn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó lè jẹ́ pé egungun èjìká tàbí iṣan apá ló fara pa nígbà ìbí, ẹ fi hàn dókítà.

Láti dín in kù, ìdí ni kí ẹ kọ́kọ́ gbé kanlẹ̀, lẹ́yìn náà ẹ̀yìn, orí kẹ́yìn. Kí ẹ sì fi ọwọ́ lé e láyà díẹ̀ kí ẹ tó kúrò. Ẹ lè fi aṣọ fẹ́lẹ́ wé e, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ ráyè ká, kí aṣọ má fún àyà.

Àgbọ̀n tó ń gbọ̀n nígbà tó ń ké tàbí ẹsẹ̀ tó ń gbọ̀n pẹ́pẹ́pẹ́ náà wọ́pọ̀. Ẹ fi ọwọ́ di ẹsẹ̀ náà mú jẹ́jẹ́, ẹ ká a díẹ̀. Bó bá dáwọ́ dúró lọ́wọ́ yín, gbígbọ̀n lásán ni. Síbẹ̀, bó bá ń ṣe é lemọ́lemọ́, pàápàá bí ìyá bá ní àtọ̀gbẹ, tàbí bí ọmọ bá kéré jù tàbí tóbi jù nígbà tí a bí i, tàbí tí kò tíì mu ọyàn fún ìgbà pípẹ́, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè ti lọ sílẹ̀. Ẹ fún un lọ́yàn lójú ẹsẹ̀, kí wọ́n sì yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò lọ́jọ́ náà.

Gìrì gidi kò ní dáwọ́ dúró nítorí pé ẹ di apá tàbí ẹsẹ̀ mú. Kò nílò ariwo kó tó bẹ̀rẹ̀. Lára ìkókó, kì í ṣe gbogbo ìgbà ló máa ń fi ara jìgìjìgì. Ojú lè là sí ibì kan kó má ṣẹ́, tàbí kó yí sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ẹnu lè máa jẹ nǹkan tí kò sí, ẹsẹ̀ lè máa wa kẹ̀kẹ́ nínú afẹ́fẹ́, ara lè le gan-an, mímí á dúró, àwọ̀ á yí. Ẹ fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀. Ẹ má ki ṣíbí tàbí ìka bọ̀ ọ́ lẹ́nu, ẹ má da ohunkóhun sí i lẹ́nu, ẹ má gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ súnmọ́ iná. Èyí tí mo bẹ̀ yín jù ni àgbo ìtọ̀ màlúù àti ewé tábà: ó máa ń já ṣúgà ẹ̀jẹ̀ ọmọ wálẹ̀, ó sì ti pa àwọn tí ì bá yè. Bí ẹ bá jẹ́ ẹni méjì nílé, kí ẹnì kan fi fóònù ya fídíò rẹ̀ bí ẹnì kejì ṣe ń wá ọkọ̀. Fídíò yẹn máa ń ran dókítà lọ́wọ́ ju gbogbo àlàyé wa lọ.

Bí ìkókó bá mu ọyàn dáadáa ní ọjọ́ méjì àkọ́kọ́, tí ẹnu rẹ̀ wá pa pọ̀ láàárín ọjọ́ kẹta sí ọjọ́ 28, tí kò lè fa ọyàn mọ́, tí ara rẹ̀ ń le bí nǹkan bá kàn án, tẹ́tánọ́ọ̀sì nìyẹn, ẹ sáré. Ojú ìwọ́ ló máa ń gbà wọlé. Ìdí nìyí tí a fi ń sọ pé kí ẹ má fi ìgbẹ́ ẹran, ọṣẹ ìfọyín tàbí aṣọ gbígbóná sí ìwọ́. Jẹ́ẹ̀lì chlorhexidine tí wọ́n fún yín ní ọsibítù ló tó, ìwọ́ nìkan ni kó kàn, kó má kan ojú rárá.

Àwọn ohun tí kò nílò oògùn

Sínsín: imú ìkókó há, ó fi ń gbọn eruku àti ikun jáde ni. Ní àkókò ọyẹ́ á pọ̀ sí i. Kì í ṣe òtútù. Òsúkè: á ṣe é lẹ́yìn ọyàn, ó tiẹ̀ ti ń ṣe é nínú oyún. Òwú tí màmá fi itọ́ lẹ̀ mọ́ iwájú orí rẹ̀ kò pa á lára, kò sì ràn án lọ́wọ́. Òsúkè á lọ fúnra rẹ̀. Bó bá tu ọyàn díẹ̀ jáde lẹ́yìn tó gùfẹ̀, tó sì ń sanra, ẹ nù ún, ẹ gbàgbé rẹ̀. Bó bá bì tó fò jìnnà, lẹ́yìn gbogbo ọyàn, ẹ fi hàn dókítà. Bí èébì bá ní àwọ̀ ewé, ẹ má dúró dilẹ̀ mọ́.

Ojú tó ń ṣẹ́ pọ̀ sí imú lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan títí di oṣù kẹta kò burú. Nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 20 sí 30, ibi tí ojú ìyá wà nígbà tó ń mu ọyàn, ni ojú rẹ̀ ti ríran jù. Omi kì í sábà jáde lójú rẹ̀ bó bá ń ké ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Àyà rẹ̀ lè wú, kí wàrà díẹ̀ jáde níbẹ̀, ì báà jẹ́ ọkùnrin. Ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ lè kán lójú ara ọmọbìnrin. Họ́mọ́ọ̀nù, ìyẹn èròjà ara, tó gbà lára ìyá ló ń kúrò. Ẹ má fún àyà náà rárá, ó lè di eéwo.

Àwùjẹ̀ rẹ̀ á máa mí fùkẹ̀fùkẹ̀. Ó yẹ bẹ́ẹ̀. Kò nílò ohun tí a ń fi dí i. Bó bá jìn wọlé, omi ara rẹ̀ ti dín kù. Bó bá wú sókè nígbà tí ọmọ wà jẹ́jẹ́ tí kò ké, ẹ gbé e lọ.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: igbe

Láti nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kejì, igbe ọmọ á máa pọ̀ sí i, á le jù ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kẹfà, á wá máa rọlẹ̀ títí di oṣù kẹta sí ìkẹrin. Ìrọ̀lẹ́ ló máa ń fi ṣe é. Mo fẹ́ kí ẹ mọ èyí ṣáájú, nítorí pé ìyá tó rò pé igbe á máa dín kù lójoojúmọ́ máa ń rò pé òun ló ṣe nǹkan tí kò tọ́.

Ẹ máa to ó wò báyìí. Ọyàn ni ẹ kọ́kọ́ fún un. Lẹ́yìn náà ẹ wo ìdí rẹ̀. Ẹ fi ọwọ́ kan ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀: bó bá ń làágùn, aṣọ ti pọ̀ jù, bí àyà rẹ̀ bá tutù, ẹ fi í lé àyà yín. Ẹ gbé e lé èjìká kó gùfẹ̀. Ẹ tú aṣọ rẹ̀, ẹ wo ìka ọwọ́ àti ti ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, nítorí fọ́nrán irun tàbí òwú ìbọ̀sẹ̀ lè wé mọ́ ìka kan kó máa ge é. Mo ti bá a bẹ́ẹ̀.

Bí kò bá sí nínú gbogbo èyí, ẹ bi ara yín bóyá ó ti rẹ̀ ẹ́. Ọjọ́ ìsọmọlórúkọ ni àpẹẹrẹ tó dára jù. Ní ọjọ́ kẹjọ, a gbé ọmọ láti ọwọ́ dé ọwọ́ láti àárọ̀, ẹ̀rọ gbohùngbohùn ń dún, lọ́fínńdà oríṣiríṣi, gbogbo èèyàn fi ẹnu kò ó lẹ́nu. Lóru ọjọ́ náà, ó ké títí ilẹ̀ fi mọ́, wọ́n ní ojú ayé ti wà lára ọmọ. Ọmọ tí ilé ti pọ̀ jù fún ni. Kó tó di igbe, ó ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀: ó ń yán, ó ń yíjú kúrò lójú ẹni tó ń bá a sọ̀rọ̀, ó ń ya ìka ọwọ́. Nígbà tí ẹ bá rí ìyẹn, ẹ gbà á padà, ẹ wọ yàrá lọ.

Ẹ gbé e rìn, ẹ kọrin sí i létí, ẹ gbá a mọ́ra ní awọ ara sí awọ ara. Ẹ má ra oògùn inú rírun fún un lójú pópó. Ní ọdún 2008, oògùn olómi kan tí wọ́n ń tà fún eyín ọmọdé ní Nàìjíríà ní májèlé diethylene glycol nínú, àwọn ọmọ tó kú sì lé ní 80. Ẹ má sì mì í jìgìjìgì láéláé, ì báà jẹ́ nínú ìbínú tàbí nínú eré, nítorí ọpọlọ rẹ̀ lè ṣẹ̀jẹ̀. Bí igbe bá ti fẹ́ sú yín, ẹ fi ẹ̀yìn rẹ̀ lélẹ̀ níbi tí kò ti lè jábọ́, ẹ bọ́ síta, ẹ mí, ẹ pe ẹlòmíràn kó gbà yín. Ìyá tó ṣe bẹ́ẹ̀ kò kọ ọmọ rẹ̀.

Ẹ ó mọ igbe rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Igbe tó ṣàdédé yí padà, tó dún fíín-fíín tàbí tó di ìkérora láìlágbára, ti kúrò ní igbe ebi.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ẹ ṣọ́ ọmọ jẹ́jẹ́

Ìyá kan gbé ọmọ wá fún abẹ́rẹ́ àjẹsára ní ọjọ́ karùn-ún, ìyá ọkọ rẹ̀ sìn ín wá. Mo ní, “Màmá, ẹ kú ewu ọmọ o. Ìkókó wa ńkọ́?”

Màmá rẹ́rìn-ín. “Nọ́ọ̀sì, ọmọ jẹ́jẹ́ ni o. Kì í ké. Láti àná, ẹ̀ẹ̀mejì péré ló jí.”

Ìyá ọmọ kò sọ nǹkan kan. Ọyàn rẹ̀ ti kún, ó le koko, wàrà ti rin iwájú bùbá rẹ̀. Mo tú aṣọ ọmọ, mo fi ìka ha àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀. Ó kàn fa ẹsẹ̀ sẹ́yìn díẹ̀ ni, kò lajú. Mo gbé e lọ síbi fèrèsé, mo fi ìka tẹ orí imú rẹ̀, mo jọ̀wọ́ rẹ̀: ibẹ̀ pọ́n rúsúrúsú. Àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ náà pọ́n.

“Màmá, ẹ má bínú sí mi. Ọsibítù ńlá la ń lọ báyìí.”

“Ṣé kì í ṣe ká máa gbé e sóòrùn àárọ̀ ni, Nọ́ọ̀sì?”

“Oòrùn kò ká èyí, Màmá.”

Wọ́n dá a dúró, wọ́n gbé e sábẹ́ iná aláwọ̀ búlúù, ó sì bọ̀ sípò.

Ibà pọ́njú, tí ẹ̀ ń gbọ́ tí wọ́n ń pè ní jọ́ńdíìsì, máa ń mú ọ̀pọ̀ ìkókó díẹ̀ láti ọjọ́ kejì tàbí ìkẹta, ó sì ń lọ fúnra rẹ̀ kó tó pé ọ̀sẹ̀ méjì. Èyí tó bá yọ kí wákàtí 24 tó pé, tàbí tó dé àtẹ́lẹwọ́ àti àtẹ́lẹsẹ̀, tàbí tí oorun àti àìmu ọyàn bá a rìn, tàbí tó kọjá ọ̀sẹ̀ méjì, kì í ṣe èyí tí a ń dá tọ́jú nílé. Ohun tó ń mú awọ pọ́n yẹn lè wọ ọpọlọ, kó sọ ọmọ di adití tàbí aláìlè-dá-jókòó títí ayé. Gúlúkóòsì kò wò ó, oòrùn kò rọ́pò iná ọsibítù. Ojoojúmọ́ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ẹ gbé e síbi ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán, ẹ wo funfun ojú rẹ̀ àti èrìgì rẹ̀, ẹ tẹ imú rẹ̀ bí mo ṣe tẹ̀ ẹ́ yẹn.

Káńfọ̀ ni ọ̀tá tí a fọwọ́ ara wa gbé wọlé. Aṣọ tí ẹ̀gbọ́n wọ̀, tí a dì sínú àpótí pẹ̀lú káńfọ̀, la máa ń kó jáde fún àbúrò. Ẹ̀jẹ̀ ọ̀pọ̀ ọmọ wa, pàápàá ọmọkùnrin, kò ní èròjà kan tí wọ́n ń pè ní G6PD tó. Bí òórùn káńfọ̀ bá dé ara wọn, ẹ̀jẹ̀ wọn á máa fọ́, ibà pọ́njú á sì le lójijì. Ẹ má fi káńfọ̀ sáàárín aṣọ ọmọ rárá. Èyí tó bá ti wà níbẹ̀, ẹ fọ aṣọ náà léraléra, ẹ sá a sóòrùn títí òórùn rẹ̀ fi kúrò pátápátá. Ìpara tó ń ta bíi róòbù náà, kó jìnnà sí ìkókó.

Títí ọmọ yóò fi gba ìwọ̀n rẹ̀ padà, ẹ má jẹ́ kó sùn kọjá wákàtí mẹ́ta sí mẹ́rin láì mu ọyàn. Ẹ tú aṣọ rẹ̀, ẹ pààrọ̀ ìdí rẹ̀, ẹ fi ọwọ́ ra ẹ̀yìn àti àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀, ẹ fún wàrà díẹ̀ sí i létè. Bó bá kọ ọyàn lẹ́ẹ̀mejì léra, tàbí tí kò ṣeé jí, ẹ má retí ìgbà kẹta.

Ooru àti ìwẹ̀

Ẹ jẹ́ kí wákàtí 24 kọjá kí ẹ tó wẹ̀ ẹ́ fún ìgbà àkọ́kọ́. Lẹ́yìn náà, omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, ọṣẹ díẹ̀, òrí tàbí àdí tó mọ́, kí màmá fi ọwọ́ pa á lára jẹ́jẹ́: ọmọ máa ń gbádùn rẹ̀, mo sì fẹ́ràn rẹ̀. Jíjù sókè, fífi apá gbé kọ́, rírọ omi sí i nímú, ẹ fi wọ́n sílẹ̀.

Nínú yàrá onípáànù ní oṣù kejì sí ìkẹrin, tí iná ti lọ, mo máa ń bá ìkókó nínú fìlà òwú, ìbọ̀sẹ̀ àti bùláńkẹ́ẹ̀tì méjì. Ara rẹ̀ gbóná, wọ́n sì ní ibà ni. Ẹ kọ́kọ́ dín aṣọ kù, ẹ fún un lọ́yàn, kí ẹ sì fi tẹmómítà sí abẹ́ apá rẹ̀ lẹ́yìn bí ìdajì wákàtí. 36.5 sí 37.5 ló yẹ kó jẹ́. Bó bá ṣì ju 37.5 lọ lẹ́yìn tí ẹ dín aṣọ kù, tàbí tó bá wá sí 35.5 tàbí kéré sí i, ẹ má fún un ní parasítámọ́ọ̀lù kí ẹ máa wò ó. Ibà lára ìkókó, ọsibítù ló ni ín.

Ìgbésẹ̀ ìkẹyìn: bí ẹ bá ń gbé e lọ

Kí ẹ tó bímọ ni kí ẹ ti mọ ẹni tó ní ọkọ̀ ní àdúgbò, kí nọ́ńbà rẹ̀ wà lórí fóònù yín, nítorí aago méjì òru ní Ìbẹ̀rẹ̀kódó tàbí Ọbáńtokò kì í ṣe àkókò tí a ń wá ọ̀kadà. Ní Abẹ́òkúta, FMC ní Ìdí-Aba, ọsibítù ìjọba ní Ìjàyè àti Sacred Heart ní Láńtòro, tó ti wà láti ọdún 1895, wà nínú àwọn ilé ìwòsàn ńlá tí ẹ lè gbé e lọ. Bí ilé ìwòsàn alábọ́dé bá súnmọ́ yín jù, ẹ yà níbẹ̀ kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú, kí wọ́n sì kọ̀wé fún yín.

Ẹ tú aṣọ ọmọ ku pámpáàsì àti fìlà, ẹ fi í lé àyà ìyá, ẹ wé ìró mọ́ àwọn méjèèjì, nítorí òtútù ojú ọ̀nà lè pa ọmọ tí àìsàn kò tíì pa. Bó bá lè fa ọyàn, kó máa mu lọ. Ẹ mú káàdì aboyún, káàdì àjẹsára àti pámpáàsì tó yàgbẹ́ sí kẹ́yìn dání. Bí ẹ bá ti fún un ní àgbo tàbí ohunkóhun, ẹ gbé ìgò rẹ̀ lọ, ẹ sì sọ ọ́ bó ṣe rí gan-an. Bí wọ́n bá tiẹ̀ bá yín wí, ẹ fara mọ́ ọn. Ohun tó wà nínú ìgò yẹn ló máa jẹ́ kí dókítà mọ oògùn tí kò gbọ́dọ̀ fún un.